Orúkọ Tí Mo Sọ Àwọn Ọmọ Princesse

Yopougon, le 18 juin 1995

Ọmọ mi Olújídé,

Ṣé dáadáa lo wà ní Paris? Òtútù ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó fi bàálù gbé ọ sọdá òkun láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kan omi, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, àti nínú ihò ilẹ̀ tí o ní ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, àti láàárín àwọn aládùúgbò tí o ní wọn kì í kí ara wọn láàárọ̀. Àmín. Bàbá yín ní kí n kí ọ, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Port, wọ́n ń kó kòkó sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn wọ́n. Àbúrò rẹ Alice ló ń bá mi kọ ìwé yìí, nítorí ọwọ́ mi ò yára tó ẹnu mi.

(Bọ̀dá Jídé, èmi Alice nìyí. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́ báyìí, èmi ni mo sọ ọ́, Màmá ò mọ̀. Inú mi ò dùn rárá. Láti ìgbà tí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni mo ti wà lórí àpótí yìí. Wọ́n ní gbogbo ohun tí àwọn bá sọ ni kí n kọ, kí n má yọ ọ̀kan.)

Jídé, bá mi yọ̀! Princesse bímọ! Ajá rẹ bímọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí! Kò bí wọn sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò bí wọn sí ẹ̀yìn ilé, inú páálí àwo tánńganran tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún ọjà Siporex ló bí wọn sí. Mo gbọ́ kírakíra, mo rò pé eku ni, mo gbé ọmọrogùn, àfi bí mo ṣe rí ohun dúdú kékeré kan nínú àwo ọbẹ̀, ojú rẹ̀ dì pa, ó ń wá ọmú lára àwo. Mo ké! Mo ké débi pé àwọn ará àgbàlá rò pé ẹnì kan ti kú. Láti ọjọ́ náà n ò rí àwo ńlá tà mọ́. Oníbàárà tó bá fẹ́ ẹ, mo máa ń ní kó jókòó kí àwọn ọmọ jẹun tán.

(Màmá ń bi gbogbo ayé léèrè ibi tí Princesse ti rí oyún, nígbà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń ti géètì. Èmi ni mo ṣí i. Mo fẹ́ rí Kassim, ọmọ ilé kejì, nígbà tó ń mú ajá tirẹ̀ kọjá. Mo ti sọ fún Ọlọ́run, mo wá sọ fún yín. Kassim ò tiẹ̀ wò mí.)

Mo tọ́jú Princesse bí a ṣe ń tọ́jú ìyá ọmọ. Ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ lálẹ́, kí wàrà lè wá. Mo fẹ́ fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ tèmi nígbà tí mo bí ọ, ó fi eyín hàn mí, mo ní kò burú, ìyá ọmọ òde òní. Wàrà náà wá, ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún lágbára, wọ́n ń ti ìkẹfà kúrò lẹ́nu ọmú, ìyẹn kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi wọ inú ife ìmumi. Ìgò tí a fi ń kán oògùn ojú ni mo fi ń kán wàrà agolo sí i lẹ́nu, mo sì ń gbé e sáyà bùbá mi kí ó má baà tutù. Ó bá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Pásítọ̀ ṣe ní kí a dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa ló bẹ̀rẹ̀ sí í hùn láyà mi, Pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ wò mí, pé Ẹ̀mí ti dé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní Àmín.

Ọjọ́ kejì ìbímọ ni mo ti lọ sí cabine, ilé fóònù, láti pè ọ́. Obìnrin kan ló gbé e. Jídé, o gbéyàwó o ò sọ fún ìyá rẹ! Ohùn rẹ̀ tutù, ó bá mi sọ Faransé, ó sì ń fi s'il vous plaît bọ̀wọ̀ fún mi, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Mo kí i, mo béèrè ìyá rẹ̀, mo béèrè bàbá rẹ̀, mo gbàdúrà pé bí Princesse ṣe bí wẹ́rẹ́ ni òun náà yóò bí wẹ́rẹ́. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ìyàwó gidi nìyí, kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá ọkọ. Mo wá gbé ọmọ ajá kan sẹ́nu fóònù kí òun náà gbọ́ ohùn ẹbí, ibẹ̀ ni owó ti tán. Bá mi kí i dáadáa.

(Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í bẹ ènìyàn.)

Mo sì mú Princesse lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní carnet, ó ní kí n máa mú un lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Èmi tí mo ti wà nílùú yìí láti ogún ọdún, oṣù mẹ́ta ni mo fi tò kí n tó rí carte de séjour, ìwé àlejò, gbà, ajá sì gba tirẹ̀ lórí ìdúró. Mo fi méjèèjì sínú Bíbélì. Nígbà tí ọlọ́pàá dá ọkọ̀ wa dúró lọ́nà Adjamé tó ní kí àlejò mú ìwé jáde, ti Princesse ni ọwọ́ mi bà. Ó kà á, ó wò mí, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbí pé àrùn dìgbòlugi ò lè mú mi. Mo ní rárá o, ọ̀gá, kò mú mi rí láti kékeré. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ní kí n máa lọ. Ṣé o rí i pé ìwé ajá lágbára ju tèmi lọ? Òun ni mo ń kọ́kọ́ mú jáde báyìí.

Lọ́jọ́ kẹjọ, mo sọ wọ́n lórúkọ. O mọ̀ pé nílé wa ní Èjìgbò a kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò lè bá ará ilé sọ lójúkojú, ajá la fi ń sọ ọ́. Ẹni tó kàn yóò gbọ́, kò sì ní lè ní a bú òun, torí pé ajá la pè. Èmi ní ọ̀rọ̀ nínú, Jídé. Ìyá Séraphin ni, Micheline ará Sakété, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Omi ẹ̀rọ àgbàlá wa, ìdájí nìkan ló ń wá, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé korobá sí ìlà ló ń kọ́kọ́ pọn. Lọ́jọ́ kan lóṣù kejì, ó ní mo ti korobá òun sẹ́yìn, mo gbé tèmi síwájú. Èmi! Olórí ẹgbẹ́ Dọ́káàsì! Mo búra. Ó ní ojú mi le bí ìdí korobá. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò tètè jí ni kó bú. Látìgbà náà, a ò kí ara wa.

Nítorí náà, àkọ́bí ń jẹ́ Ọlọ́run-rí-mi. Èkejì ń jẹ́ Ta-ló-kàn. Ẹ̀kẹta, Omi-kì-í-ṣe-ti-baba-ẹnìkan. Ẹ̀kẹrin, Kò-kàn-ọ́. Ìkarùn-ún, Ẹ-ṣá-máa-wò. Èyí kékeré, mi ò fún un lórúkọ, mo ní kó kọ́kọ́ yè ná. Nígbà tí wọ́n wá ń rìn, ìdájí ni mo ń pè wọ́n wá jẹun, lẹ́nu ẹ̀rọ, bí Micheline bá bẹ̀rẹ̀ láti pọn omi. Mo ń pè wọ́n ketekete. Micheline kò ní ajá. Ó lọ ra pẹ́pẹ́yẹ. Ó sọ pẹ́pẹ́yẹ ní Ojú-ń-tì-mí-fún-un. Kí oòrùn tó yọ, ajá àti pẹ́pẹ́yẹ ti bú ara wọn tán.

Orúkọ àwọn ajá mi dùn débi pé òkìkí wọn dé Treichville! Àwọn èèyàn wa ń wá, wọn ò wo ajá, wọn ò béèrè akọ tàbí abo, orúkọ ni wọ́n ń béèrè. Ìyáàfin kan ní aládùúgbò òun ń ṣọ́ ìkòkò òun, ó mú Ẹ-ṣá-máa-wò. Mùkàrámà, ìyáálé nílé Alájì onílé wa, fi ìbòrí bojú wá, ó ní kí n fi Kò-kàn-ọ́ pa mọ́ fún òun, pé Ràmílátù ìyàwó kékeré ti ń béèrè ohun tí kò kàn án jù.

Ibẹ̀ ni inú mi ti dùn dé, kó tó bàjẹ́. Ní Jímọ̀ọ̀ ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún, Alájì Àrìmíyàù fúnra rẹ̀ wá, Micheline ti lọ fẹjọ́ mi sùn ún ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adjamé. Ó dúró lókèèrè, ó ká jalabíà sókè kí ajá má fi imú kàn án lórí àlùwàlá. Ó ní Ìyá Jídé, ajá gbó, òun gbọ́, òun ò sọ̀rọ̀. Ajá bímọ, òun ní Ọlọ́run bù sí i. Ṣùgbọ́n ajá tó bá ń sọ̀rọ̀ ju onílé lọ, òun ò gbà á nílé òun. Ó ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun, gbogbo orúkọ náà ló yé òun. Ó ní ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ajá náà, tìyá tọmọ, ni kó kúrò, àfi bí Ìyá Séraphin bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìjà ti parí.

Jídé, Princesse tí o fi lé mi lọ́wọ́ ní pápá bàálù, tí o sunkún mọ́ ọn ju bí o ṣe sunkún mọ́ mi lọ! Ibo ni n ó gbé e sí? Ọkùnrin kan tó ń ta ẹran sísun ní òun lè gbà á, ó wo itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe wò ó kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bàbá yín ní kí n lọ bẹ Micheline. Mo ní kàkà kí n bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí n kò ṣe, èmi àti Princesse yóò wọ bọ́ọ̀sì Èjìgbò, a ó jọ jókòó, ó ṣáà ní ìwé.

(Ní Ọjọ́bọ̀ mo sọ fún wọn. Èmi ni. Lóṣù kejì yẹn mo ní ìdánwò ní collège, n ò fẹ́ pẹ́, mo ti korobá Tantie Micheline sẹ́yìn, mo gbé tiwa síwájú. Mo gbọ́ tí Màmá ń búra, mo dákẹ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé e sínú, nígbà tí ajá àti pẹ́pẹ́yẹ wá ń jà nítorí mi, mo máa ń fi pílò bo etí. Ṣùgbọ́n mo rí Princesse tó ń lá orí ọmọ kékeré yẹn, kò mọ̀ pé Sátidé ń bọ̀, ni ọ̀rọ̀ náà bá já lẹ́nu mi. Mo rò pé wọ́n máa nà mí. Wọn ò nà mí. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ.)

Alice ní òun ti kọ tòun. Mi ò ní kà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti búra, irọ́ ni mo sì búra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo sọdá àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, mo dé iwájú kọ́tìnnì Micheline, mo wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wo òjò, mo padà. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kí pẹ́pẹ́yẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ìkọ́ Micheline nínú yàrá, ẹsẹ̀ mi ló dá mi padà. Ọmọ mi, ó dùn láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí pé òun kì í gbé yàrá òdìkejì.

Ní ìdájí Jímọ̀ọ̀, mo gbé ọmọ ajá tí kò lórúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Micheline ti wà níbẹ̀. Mo pè é. Mo ní Ẹ-má-bínú. Ọmọ ajá náà wò mí, kò mọ̀ pé òun ni. Mo tún pè é, mo ní Ẹ-má-bínú, wá jẹun. Mo ní Ẹ-má-bínú-ọmọ-mi-ló-gbé-korobá-èmi-ni-mo-búra. Orúkọ náà gùn, Jídé, ṣùgbọ́n mo pè é tán.

Omi kún korobá Micheline, ó ń dà nù, obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan ṣòfò! Nígbà tó yá, ó pa ẹ̀rọ. Kò wò mí. Ó ní ọmọ ajá náà ti rù jù fún irú ẹrù orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n gbé e wá, wàrà wà nílé òun.

Nígbà tí Alájì dé ní àná, Micheline ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó fi aṣọ pọn Ẹ-má-bínú sẹ́yìn, ó ní ta ló ní ìjà wà nínú ilé yìí? Ó ní bí Princesse bá kúrò, ta ni yóò fún ọmọ òun lọ́mú? Alájì wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní obìnrin, ẹ ṣòro. Ó ní Princesse lè dúró, kí àwọn ọmọ yòókù máa bá olówó wọn lọ, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Kò-kàn-ọ́ yẹn létí òun mọ́ láyé. Gbogbo wa wolẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ni Mùkàrámà ti wá gbé ajá náà lọ sí ilé Alájì fúnra rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Wàrà agolo ti wọ́n, abẹ́rẹ́ Ẹ-má-bínú kù, wọ́n sì ti jẹ etí páálí àwo mi tán. Má gba bánkì o. Mo lọ sí Plateau, mo rí ihò ara ògiri tó ń pọ owó fún ènìyàn, mo tò, mo kí i, mo sọ orúkọ rẹ àti ti bàbá rẹ, kò fún mi ní kọ́bọ̀. Fi í rán ẹni tó ní ẹsẹ̀. Bí ìyàwó bá sì fẹ́ fi tirẹ̀ sí i, a kì í kọ ẹ̀bùn.

Ilẹ̀ àjèjì yóò gbà ọ́. Àtijẹ kò ní nira fún ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ní ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ kò ní lè sọ. Bí o bá sì ní in, kó fún ọ lájá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó bí ẹyọ kan péré lọ́jọ́ tó bí ọ, tó sì ké ju Princesse lọ.