Abẹ́rẹ́ Ajá Ọkọ Mi

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ayọ̀ ò jẹ́ kí n mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ọkọ dùn, mo tilẹ̀ ń sanra.

Lánàá, èmi àti ọkọ mi ń ṣeré ní yàrá, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi, ni ajá rẹ̀ bá fò mọ́ ọn, ó fa apá rẹ̀ ya. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ọkọ mi fọ́ àga mọ́ ajá náà lẹ́yìn, síbẹ̀ ajá ò tú u sílẹ̀ títí ọkọ mi fi fi mí sílẹ̀.

Ẹ̀rù dìgbòlugi ba ọkọ mi, la bá gbé ajá lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹranko. Ọrùn mi ni obìnrin náà ń wò. Ọkọ mi bi í pé, “Ẹ̀ẹ̀melòó ni ajá tó ti dàgbà ń gbabẹ́rẹ́?”

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́yìn ọkọ mi pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta ni.

Dókítà ní, “Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, ọ̀gá. Kí ìyàwó yín nìkan máa mú un wá, ajá yìí ń bínú sí yín.”

Mo ka ògiri náà, mo panu mọ́. Ọkọ mi ní kò burú.

Ọjọ́bọ̀ lèmi àti ajá ó lọ. Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wọlé.

Ẹ bá mi kí Bàbá àtàwọn àbúrò mi. Ẹ ní kí wọ́n má tíì kó ẹrù sí yàrá mi o.

Èmi ọmọ yín, ìyàwó tuntun.