Bọ́tìnnì Tó Wà Lábẹ́ Ìjókòó Ìyàwó Mi

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Àwọn Oníṣẹ́ Ọkọ̀,
Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBẸ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ FAGI LÉ ẸJỌ́ ÌYÁ ONÍWÁYÀ TÍ MO FI SÙN, NÍTORÍ PÉ ÈMI NI MO JẸ̀BI

1. Èmi ni bàbá arúgbó tó kọ̀wé sí yín ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, tó fi bíírò pupa fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, "aláìmọṣẹ́". Ìwé yẹn ni ẹ kà tí ẹ fi gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Oníwáyà, obìnrin tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ní ìkòríta wa, tí ẹ sì fi àgádágodo yín ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i. Kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀, ọkàn mi sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mò ń fa ìlà kẹta. Ẹ má bínú bí ìwé yìí bá gùn. Irọ́ kì í gùn, àlàyé rẹ̀ ló máa ń gùn.

2. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ti gbó. Ó ń wúkọ́ bí èmi, ó sì ń da epo sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ tí n kò ní fi wé ara mi. Mẹkáníìkì mi yọ ọ́, ó fi òmíràn tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀, ó ní kí n wá Ìyá Oníwáyà lọ kó bá mi so àwọn wáyà pọ̀. Obìnrin náà so wọ́n. Mo ṣáná sí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dáhùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi nìkan fi wà á, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbé ìyàwó mi síwájú, a kò tíì kúrò ní òpópónà wa tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ báyìí, èéfín dáwọ́ dúró.

3. A padà sọ́dọ̀ Ìyá Oníwáyà. Ó ní ó dà bí ẹni pé wáyà kan ń fara kan irin. Ó pa ọkọ̀, ó tú wáyà kan kúrò lórí bátìrì, ó fi gílóòbù kékeré kan sáàárín wáyà náà àti bátìrì, ó ní bí iná bá ń ṣòfò níbikíbi, gílóòbù yìí yóò tàn. Kò tàn. Oòrùn ń mú, ìyàwó mi lọ jókòó síbi tó máa ń jókòó níwájú ọkọ̀. Gílóòbù tàn yòò! Ìyá Oníwáyà bẹ̀rẹ̀ sí yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, gílóòbù kò kú. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ láti lọ mu omi, gílóòbù kú. Ó padà wá jókòó, ó tún tàn. Mo ní, "Ìyá Oníwáyà, ṣé o rí i? Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí ni mo ti ń sọ pé iná wà lára rẹ̀." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníwáyà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára gílóòbù.

4. Ó wá bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ṣé wáyà kankan wà nínú ọkọ̀ yìí tí ẹ̀yin mọ̀ tí èmi ò mọ̀? Èyí kò gba ọ̀dọ̀ fíúsì kọjá rárá. Ńṣe ni ẹnìkan fà á tààrà láti ara bátìrì." Mo ní kò sí. Ó tún bi mí. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí n búra ni. Ó ní kò tíì kan ìbúra, kí n ṣáà jẹ́ kí òun gbé ìjókòó iwájú wò. Mo fárígá. Mo ní ìjókòó ìyàwó mi ni, ọwọ́ àjèjì kò gbọ́dọ̀ kàn án. Mo ní kó dá wáyà bátìrì mi padà, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ tìbínú-tìbínú. Ó sáré tẹ̀lé wa dé ẹ̀bá títì, ó ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé Màmá síwájú mọ́ o! Ẹ̀yìn ni kí wọ́n jókòó sí!" Gbólóhùn yìí kò sí nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ sí yín. Èmi ni mo yọ ọ́.

5. Wáyà náà wà. Èmi ni mo fà á, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, obìnrin tó sanra, tí ẹnu rẹ̀ tún wá tóbi ju ara rẹ̀ lọ, a máa bá mi wí bí ọmọdé nínú ọkọ̀ ara mi. Mo bá ra fèrè kan tó ń ké bí ewúrẹ́, mo dè é sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tú bọ́tìnnì aago ẹnu ọ̀nà ilé wa, mo fi í sábẹ́ tìmùtìmù ìjókòó iwájú, mo sì fa wáyà láti ara bátìrì so òun àti fèrè pọ̀. Bó ṣe jókòó, ewúrẹ́ ké. Ó dìde, ewúrẹ́ dákẹ́. Ó rọra tún jókòó, ewúrẹ́ ké. Ó bẹ́ sílẹ̀, bàtà rẹ̀ kan kù sínú ọkọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, mo búra lójú gbogbo wọn pé n kò gbọ́ ohùn ewúrẹ́ kankan. Ní ti aago ẹnu ọ̀nà, mo ní olè ló tú u. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wo ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bí ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí kò sí. Nítorí ìbúra yìí ni n kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìjókòó.

6. Kí ewúrẹ́ má baà tún ké bí ìyàwó mi bá jókòó, n kò jẹ́ kí fèrè náà sun ibẹ̀ mọ́jú. Mo gé e dànù, mo fi téèpù dí ẹnu wáyà, mo tì í sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ńlá dé, irin tó jókòó lé tẹ ẹnu wáyà náà mọ́ ara ọkọ̀, téèpù sì bó. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú ló ń fi ìdí tan iná.

7. Ní ọjọ́ kejì, iwájú náà ni mo tún gbé ìyàwó mi sí. Mo ti sọ fún un pé ariwo aláìmọṣẹ́ lásán ni Ìyá Oníwáyà ń pa; bí mo bá tún wá ní kó bọ́ sẹ́yìn, ó máa bi mí pé kí ló dé. A kò rìn jìnnà tí wáyà fi gbóná láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́ mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀, wáyà sì jó o ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ tó fi ń gún iyán, tó fi ń ránṣọ, tó fi ń gbá mi létí bí mo bá yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yin Ọ̀gá, dípò kí n sọ òótọ́, bíírò pupa ni mo wá lọ.

8. Ní Sátidé tó kọjá, ìyàwó mi gbé ìjókòó náà jáde láti sá a sóòrùn, nítorí òórùn èéfín. Nígbà tó wọlé, ó gbé tíì mi fún mi, ó fi ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì gbé bọ́tìnnì aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, olè ti dá a padà." Ó dúró tì mí títí mo fi mu tíì náà tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ lọ mú bíírò yín wá."

9. Kí n tó kọ ọ́, mo kọ́kọ́ rìn dé ìkòríta. Ìyá Oníwáyà jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú àgádágodo yín, ó ń tún tọ́ọ̀ṣì ṣe fún àwọn tó ń kọjá. Mo ti di ẹ̀fẹ̀ kan sẹ́nu láti ilé, èyí tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó rí mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Ọwọ́ Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń jinná?" Ẹ̀fẹ̀ náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

10. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ dá ìwé ẹ̀rí rẹ̀ padà, kí ẹ sì ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó wá tọrọ rẹ̀. Mo tún bẹ̀ yín pé kí akọ̀wé tó fi ohùn ńlá ka ìwé mi àkọ́kọ́ níwájú gbogbo oníṣẹ́ ọkọ̀ fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ka èyí náà. N ó wà níbẹ̀, n ó dìde dúró. Ẹ má sì kọ ọ́ sínú ìwé yín pé àṣìṣe ni. Àṣìṣe kọ́, irọ́ ni. Ní ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ó ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ìgbìmọ̀ tirẹ̀ kò ní tù mí lára bíi tiyín.

11. Mo fi bọ́tìnnì náà sínú àpò ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ bí ó ti wù yín, ẹ má bẹ̀rù. Ewúrẹ́ ti dákẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹni tó so ó mọ́lẹ̀ ló wá ń ké báyìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ẹ̀bi mi dópin.

Èmi ni tiyín, tìtìjú-tìtìjú,

Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀,
Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, olùpẹ̀jọ́ àná, ẹlẹ́bi òní.