Èlé Ilé Ọmọ Mi Tún Gòkè

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá àgbà ni mí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Kíláàsì àgbà tí mo ti kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ò ṣeé fojú di!

Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì, fi owó tó yá ní báńkì ra ilé tí à ń gbé. Lọ́dọọdún, èlé tí ìjọba ń san lórí owó tó yá ni báńkì fi ń wọn tirẹ̀. Ó tún ti gòkè.

Mo bi ará báńkì pé, "Ṣé èmi ni mo ní kí ìjọba yáwó?"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọmọ mi ní ká ta ilé kí báńkì tó gbà á. Mo ní ká fara dà á, bóyá èlé á wálẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó ní, "Màmá, dípò oúnjẹ alẹ́, omi gbígbóná ni mo ń mu sùn."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?