Mo lé ọmọbìnrin tó ń fún ìyá ọkọ mi lóúnjẹ

Mo ń jowú ọmọbìnrin kan tó ń fún ìyá ọkọ mi lóúnjẹ. Ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, torí ọkọ mi máa ń ka page yìí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Tópo ni wọ́n gbé mi níyàwó sí, lódìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì, ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi lèèyàn máa wọ̀ kó tó dé ọjà. Ọkọ mi ń pẹja, èmi ń yan ẹja tà. Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Tàntí, ọ̀dọ̀ wa làwọn méjèèjì ń gbé. Nígbà tí òkun ya wọ àwọn abúlé etí omi lákòókò òjò tó kọjá yìí, àwa náà wà lára àwọn tó kàn.

Ọ̀sán ni o. Ọkọ mi ti gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀ lọ túnṣe ní Àgbádárìgì. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, a rò pé òjò lásán ni, àfìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, omi iyọ̀, tó ń ti igi àgbọn tó ti wó bọ̀ níwájú. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ó ti dé itan mi. Màmá àti Tàntí wà nínú yàrá kan náà, àwọn méjèèjì ò lè rìn dáadáa mọ́. Mo gbé Màmá pọ̀n. Bí ẹni pọn ọmọ, ẹ̀yin èèyàn mi... mo gbé àgbàlagbà pọ̀n nínú omi tó fẹ́ gbá mi lẹ́sẹ̀ lọ, títí mo fi gbé e dé ilé bíríkì àtijọ́ kan tó wà lórí ilẹ̀ gíga. Mo yí padà láti lọ gbé Tàntí. Ilé ti wó. Ọjọ́ kejì la tó rí òkú rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń tẹ nǹkan yìí, ẹ̀yìn ń dùn mí.

Wọ́n kó wa wá sí gbọ̀ngàn kan ní Àgbádárìgì, ibẹ̀ la ṣì wà, lórí ẹní. Kí n má purọ́, àwọn onígbàgbọ́ tó wá ràn wá lọ́wọ́ ṣe wá lóore gan-an. Láti ọ̀nà Ìjànikin ni wọ́n ti ń wá, a ò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n gbé ìkòkò ńláńlá kaná lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ìrẹsì, ẹ̀wà, tíì gbígbóná fáwọn ọmọdé. Bí wọ́n bá pín oúnjẹ tán, wọ́n á jókòó tì wá lórí ẹní, wọ́n á gbàdúrà, ẹni tó bá sì fẹ́ sunkún wọ́n á jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa, wọn ò ya ẹnì kankan sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ò jẹun. Látìgbà tí a ti sin Tàntí ló ti kọjú sí ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo po ẹ̀kọ mímu, mo fi mílíìkì sí i, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́... ó kàn pa ẹnu dé ni.

Ìgbà yẹn ni Sẹ́námì dé. Ọ̀kan lára àwọn tó ń pín oúnjẹ ni, ọmọ Àrádágùn, Ègùn pọ́ńbélé bíi Màmá, mo jù ú lọ dáadáa. Kò gbé ìrẹsì wá. Àkàsà ló gbé wá, ẹ̀kọ líle tí àwọn Ègùn máa ń wé sínú ewé, pẹ̀lú ata àti ẹja díndín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kí Màmá ní Ègùn. Màmá yíjú padà! Ó jẹ àkàsà yẹn tán, ó tún lá ìka. Ẹ bá mi rò ó o. Èmi tí mo ti ń ro àkàsà fún obìnrin yìí látọjọ́ tí mo ti wọlé, tó máa ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wo eéwo, lónìí ó rọ̀ jù, lọ́la ó le jù... èmi náà ni mo jókòó tí mò ń wò ó tó ń lá ìka nítorí ẹlòmíì.

Ó di ojoojúmọ́. Sẹ́námì á yà á lórí, á fi àdín àgbọn pa á lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa sọ Ègùn wúyẹ́wúyẹ́. Lọ́jọ́ kan Màmá rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé eyín ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ ti yọ kúrò àfi ọjọ́ yẹn, torí kò rẹ́rìn-ín sí mi rí débi tí màá fi rí i. Ó wá ń pè é ní "ọmọ mi," ní Yorùbá o, kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́! Èmi, "ìyàwó" ló ń pè mí, kò pè mí lọ́mọ rí. Ta ló gbé e pọ̀n? Ṣé àkàsà ló gbé e jáde nínú omi ni? Àwọn obìnrin gbọ̀ngàn wá ń sọ pé irú ọmọ yìí ló yẹ kéèyàn ní, ojú mi báyìí ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo tiẹ̀ lọ mú àdín yẹn nígbà tí Sẹ́námì ò sí, mo ní kí n fi pa Màmá lẹ́sẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Mo lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ sunkún, mo ní èéfín ló kó sí mi lójú.

Ohun tó wá dá kún un ni pé mo máa ń gbọ́ orúkọ mi nínú ọ̀rọ̀ wọn. Mi ò gbọ́ Ègùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ìkíni àti ọ̀rọ̀ ọjà díẹ̀ ni mo gbọ́, Yorùbá Màmá náà ò sì ju díẹ̀ lọ. Ọkọ mi ló máa ń túmọ̀ fún wa nílé, nígbà tó yá a ò tiẹ̀ rí i bí ìṣòro mọ́. Mo pe Sẹ́námì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ni wọ́n ń sọ nípa mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi o. Ó ní, "Àntí, ẹ má bínú, Màmá ló lọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n fúnra yín, màá bá yín túmọ̀ ẹ̀." Ó tún wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ tiẹ̀ ti ráyè sunkún?" Mo ní mo fẹ́ lọ fọ abọ́. Ta ló bi í? Ṣé ó ti gba ìyá ọkọ mi tán, ó wá kan èmi?

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo dúró dè é lẹ́nu géètì. Mo ní Màmá ní kó má wá mọ́. Mo ní ohùn rẹ̀ jọ ti Tàntí, pé bó bá ti lọ tán ni Màmá máa ń sunkún, pé ojú ló ń ti Màmá láti sọ fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni omi ń dà lójú ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Àntí, mi ò mọ̀ ni." Ó gbé abọ́ àkàsà lé mi lọ́wọ́, ó lọ. Mo gbé àkàsà náà wọlé fún Màmá bíi pé èmi ni mo rò ó. Ó fi kan ẹnu, ó wò mí. "Sẹ́námì dà?" Mo ní ó ti rìnrìn àjò. Ó rọra gbé abọ́ sílẹ̀. Ó yíjú sí ògiri padà. Láti ọjọ́ yẹn, omi nìkan ló ń mu, nígbà míì tíì díẹ̀. Ọkọ mi lọ bá olórí àwọn tó ń pín oúnjẹ, wọ́n ní Sẹ́námì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé òun lọ síbòmíì, wọn ò mọ ohun tẹ́nì kan ṣe fún un. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Mi ò gbójú sókè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú rèé. Ìyá Ìbejì tí ẹní rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa gbọ́ Ègùn dáadáa. A jọ ń fọ abọ́ níjẹta, ó kàn dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé àánú Màmá ń ṣe òun, pé nǹkan kan ṣoṣo ló ń bi Sẹ́námì lójoojúmọ́. Ó ní Màmá sọ pé nígbà tí mo pọn òun nínú omi, òun ń pariwo pé kí n sọ òun kalẹ̀, kí n lọ gbé àbúrò òun, pé òun ti gbó. Màmá fẹ́ mọ̀ bóyá mi ò gbọ́ èdè ni, àbí mo gbọ́, tí mo sì fi Tàntí sílẹ̀. Pé tó bá jẹ́ pé mi ò gbọ́ ni, òun jẹ mí lọ́pẹ́ tóun ò tíì dú. Tó bá jẹ́ pé mo gbọ́... òun ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti bi mí. Sẹ́námì ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sọ ọ́. Màmá ti gbà. Ọ̀sẹ̀ tó gbà yẹn ni mo lé ọmọ náà.

Abọ́ jábọ́ lọ́wọ́ mi.

Torí Màmá pariwo lóòótọ́. Ó ń fi ìkúùkù lù mí léjìká, ó ń ké "nọvi, nọvi." Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú ìwọ̀nba Ègùn tí mo gbọ́, mo mọ̀ pé ọmọ ìyá ẹni ni nọvi. Mo rò pé ó kàn ń sunkún àbúrò rẹ̀ ni... àbí mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí? Màmá ló fúyẹ́ jù. Òun ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Òun ni ìyá ọkọ mi. Ṣé èèyàn máa ń rò ó báyìí nínú omi, àbí ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ń to gbogbo ẹ̀ pọ̀? Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀. Ohun tó tún burú ni pé mo ṣì ń jowú! Mò ń jowú pé Sẹ́námì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tí èmi tí ọ̀rọ̀ kàn fi jẹ́ ẹni tó gbọ́ kẹ́yìn.

Ẹ gbà mí níyànjú, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ìyàwó bíi tèmi. Tí mo bá ní kí ọkọ mi túmọ̀, Tàntí ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí Màmá ń tajà ní Kútọnu, ṣé ó máa lè wojú mi mọ́? Tí mo bá ní kí Ìyá Ìbejì ṣe é, gbogbo gbọ̀ngàn á gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Àbí kí n wọ ọkọ̀ lọ sílé wọn ní Àrádágùn, kí n lọ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo jù lọ, kí n ní irọ́ ni mo pa, kó máa bọ̀? Àwọn onígbàgbọ́ yìí ti ń palẹ̀ ìkòkò wọn mọ́, wọn ò ní pẹ́ lọ. Tó bá sì wá, tó jókòó sáàárín wa, tó bi mí ní Yorùbá pé Àntí, ṣé ẹ gbọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn... kí ni kí n dáhùn? Kí n ní mi ò gbọ́, kí Màmá lè jẹun? Àbí kí n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Màmá ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu lónìí.