Iṣẹ́ Tí Kò Mọ Ọ̀nà Ilé

Toronto, oṣù kejì ọdún 1971

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le. Yàrá mi náà móoru. Ó kàn wù mí láti máa wọ kóòtù sùn ni. Èdè kọ̀ǹpútà ńlá tí mo wá kọ́ ti wọ̀ mí lára débi pé mò ń fi lá àlá: àwọn nọ́ńbà ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi yìnyín, mo sì ń nawọ́ gbà wọ́n.

Bí a bá rán ẹ̀rọ náà lọ síbòmíì nínú iṣẹ́ tí a kọ fún un, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ibi tí yóò padà sí sílẹ̀ fún un. Lánàá, mo gbàgbé. Iṣẹ́ mi lọ, kò padà mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Pruss, olùkọ́ wa, ní, "Verna, ta ní ń rán ọmọ níṣẹ́ láì fọ̀nà ilé hàn án? Bó bá tún ṣẹlẹ̀, máa lọ sílé!"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí, mo sì lọ bọ́jú. Àwàdà ló ń ṣe, mo rò bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ pé "Màmá" ni Effie ọmọ mi ń pè yín báyìí. Ẹ má bá a wí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ pa á lórí tó bá ti sùn, kẹ́ ẹ sì kí gbogbo ará Glace Bay ìlú wa.

Èmi ọmọ yín,
Verna