Mọ́tò Iná Tí Mo Dá Gbé

Bàbá Moyọ̀sọ́lá,

Ẹ má wá mọ́tò iná tí ẹ rà lánàá fún ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì wa. Mo ti gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Agbára kan náà ni wọ́n kọ sára òun àti èyí tó jóná, àmọ́ ọkùnrin méjì ló para pọ̀ gbé ìyẹn. Bọ́lájí tó ń wé wáyà mọ́tò ní Ailegun sọ pé wáyà bàbà ló ń jẹ́ kó wúwo, òun náà ló ń jẹ́ kó wọ́n. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi wé tiyín, kò ní pẹ́ jóná.

Mo mọ̀ pé kí n má bàa máa fọwọ́ po ìyẹ̀fun lẹ ṣe sáré rà á. Ẹ ṣeun, ọkọ mi.

Dòdò wà nínú kúlà.

Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó bá mi gbé e. Èmi nìkan ni o.