Ẹ Má Ha Obìnrin Onígarawa Kúrò

Ilé Tyddyn Isaf,
Ìtòsí Beddgelert,
Wales.

Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kọkànlá, 1834.

Alága àti Ìgbìmọ̀,
Ẹgbẹ́ Ìwé Àwòrán Òkè àti Adágún,
Chester.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ OBÌNRIN ONÍGARAWA TÓ WÀ NÍNÚ ÀWÒRÁN IFAN PRYDDERCH

Ẹ̀rù ń bà mí pé kí lẹ́tà yìí tó dé, irin yín á ti ha mí kúrò lójú bàbà. Mo sì gbọ́ pé ohun tí wọ́n bá ti ha lójú bàbà, tí wọ́n dán ojú rẹ̀, kì í padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ́kọ́ kí yín. Ẹ má bínú.

Èmi ni ìyá Ifan, tó ń fín àwòrán òkè àti ìṣàn omi sára bàbà tí ẹ fi ń tẹ ìwé yín. Àlùfáà ìjọ wa ló ń ra abala kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde, òun ló sì ń yá mi wò.

Nínú gbogbo àwòrán ọmọ mi, obìnrin kan wà tí kò ga ju èékánná lọ. Ó gbé garawa dání, èjìká rẹ̀ kan sì tẹ̀. Èmi ni. Marged aládùúgbò mi kò gbà. Ó ní, "Ìyá Ifan, ọwọ́ òsì lo fi ń gbé garawa láti ìgbà tí màlúù ti kán ọ lápá. Ọwọ́ ọ̀tún ni tọ̀hún fi gbé tirẹ̀. Ìyá ẹlòmíì nìyẹn." Mo ní kó lọ wo òǹtẹ̀ onígi tó fi ń tẹ ọnà sára bọ́tà: ewé tó kọjú sí òsì lára igi, ṣebí ọ̀tún ló máa ń kọjú sí lára bọ́tà? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán ṣe ń yí padà láti ojú bàbà sí ojú ìwé.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Ifan ti lọ, kò kọ lẹ́tà sí mi rí. Nest ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ní Liverpool, máa ń kọ tirẹ̀ nígbà Kérésìmesì, ṣùgbọ́n òun náà kò mọ ibi tí àbúrò rẹ̀ ń sùn. Èéfín ásíìdì, omi olóró tó fi ń fín bàbà, ló ń kó mi lọ́kàn sókè, torí àyà rẹ̀ kò le láti kékeré. Àmọ́ bí abala tuntun bá dé, tí mo rí ara mi lẹ́bàá omi tí n kò dé rí láyé mi, mo mọ̀ pé ó ṣì ń mú mi rìn. Oúnjẹ a sì wọlé sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Wàyí o, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn abala tó dé kẹ́yìn pé àwọn òǹkàwé ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé obìnrin kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Wales ni. Ẹ ní ẹ óò ha á kúrò, ẹ óò fi ọkùnrin onífìlà gíga àti ajá rẹ̀ sípò rẹ̀. N kò bá yín jiyàn, ìwé yín ni. Ṣùgbọ́n àyè pọ̀ lórí òkè. Ajá náà lè jókòó níbòmíì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi mí sílẹ̀ nínú ọ̀kan péré. Èyí tó burú jù nínú wọn tó mi. Bí ẹ bá sì ti ha gbogbo rẹ̀ tán, ẹ sọ ẹni tó ní kí ẹ ṣe é fún mi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, mo ti gbà. Bó bá jẹ́ Ifan fúnra rẹ̀ ni, ẹ má fi pa mọ́; ẹ ṣáà bá mi fi kún un bóyá ó ṣì ń wúkọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Lowri Prydderch,
Opó, ìyá ayàwòrán yín.

Ẹ dákun, ẹ tètè fèsì kí abala tó ń bọ̀ tó jáde. N kò fẹ́ ṣí i kí n tó mọ̀.